Irùngbọ̀n Ọba Lójú Sílè

Bí ọkọ mi ṣe máa ń rọra mú owó onírin, kò rọra mú èmi bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Owó àtijọ́ ni mò ń sọ o, àwọn sílè, tọ́rọ́ àti kọ́bọ̀ oníhò ayé òyìnbó tí àwọn ìyá àgbà ṣì máa ń bá nísàlẹ̀ àpótí. Ìkòsí là ń gbé nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé dé àdúgbò wa ni. Ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé ní Ogudu, èmi ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Lọ́jọ́ Sátidé, á tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bá mi gbé àpò. Àwọn ìyá arúgbó ló ń bi léèrè bóyá wọ́n ní owó àtijọ́ nílé.

Bó bá ti rí ọ̀kan rà, a ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Á mú gíláàsì rẹ̀ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á fi ìka méjì di etí owó náà mú, á wá máa wá irùngbọ̀n ọba. Irùngbọ̀n yẹn ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Orí ọba òyìnbó kan wà lójú sílè, igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ná owó náà jù, irùngbọ̀n á pa rẹ́, ojú ọba á wá jọ̀lọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ dé. Ìyẹn ò níye lórí. Èyí tí irun ọba bá ṣì hàn ní fọ́nrán fọ́nrán, tí ọ̀pẹ sì ní ewé lórí, òun ni gidi.

Ó ní sílè kan tó fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Wọn ò ná an rí. Inú òwú ni ìyá tó tà á fún un fi í pa mọ́ sí láti ìgbà èwe rẹ̀, ọjọ́ orí ti sọ àwọ̀ sílè náà di dúdú rẹ́súrẹ́sú. Èmi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní ọ̀rá ọwọ́ mi á bà á jẹ́. Ọwọ́ kan náà ni mo fi ń pa á lẹ́yìn bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, kò sì ráhùn ọ̀rá rí.

Gbogbo ènìyàn ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi gan-an kò gbẹ́yìn. Ó sì ń dùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́, kí ẹnìkan tó mọ̀ nípa owó wo sílè yẹn kó sì sọ pé ó dára. Níkẹyìn, ó rí bàbá kan ní Gbàgádà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òfin lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ. Bàbá ní òun á wá lọ́jọ́ Sunday.

Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Bí àlùbọ́sà bá dé láti òkè Ọya, eruku àti èèpo gbígbẹ ló máa ń bò ó. A ó fi àpò ra á títí á fi máa dán kí a tó pàtẹ rẹ̀, torí oníbàárà kì í wo èyí tó dọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọkọ mi lọ gẹrun ní Kétu lọ́jọ́ Sátidé, mo yọ sílè náà wò, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé báyìí ni àlejò á ṣe bá a? Mo bu eérú, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì ra á dáadáa. Ó ń kọ mànà bíi wúrà. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀, mo ń retí ìyìn.

Bàbá dé. Ó wo àwọn owó yòókù, ó ń mirí pé ó dáa. Ọkọ mi wá fi ìgbéraga gbé sílè náà fún un láìwò ó. Bàbá yí i sí ojú fèrèsé, ó yí i padà, ó sì gbé gíláàsì sílẹ̀.

"Ta ló fọ owó yìí?"

Ọkọ mi wò ó. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Èmi dúró tèmi ti màlt nínú tìréè.

"Èmi ni, sà," ọkọ mi dáhùn.

"Ìwọ! Ìdọ̀tí kọ́ ni nǹkan tó o fọ̀ kúrò yẹn o, àwọ̀ ẹ̀ ni. Ó gbà á ju ọgọ́ta ọdún lọ kó tó ní in! Wò ó bó o ṣe ha á lára yánnayànna. Irun ọba pé, ewé ọ̀pẹ pé, mi ò rírú ẹ̀ rí ní gbogbo Èkó. Ní báyìí, kò ní grade kankan mọ́, iye ẹ̀ ti wálẹ̀. Aláìmọ̀kan ló ń fọ owó àtijọ́!"

"Ẹ má bínú, Daddy."

Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́.

"Gbé màlt wá fún Daddy," ọkọ mi yára sọ, bẹ́ẹ̀ iwájú Daddy gan-an ni mo gbé e dúró sí.

Nígbà tó sin bàbá dé géètì tó padà wọlé, mo kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n mí. Mo bi í pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin ni?"

Ó jókòó.

"Ṣé kí n máa wò ó kó máa pè ẹ́ ní aláìmọ̀kan lójú mi? Nínú ilé yìí, èmi nìkan ló láṣẹ ìyẹn."

Ó sì lo àṣẹ náà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń pè mí ní aláìmọ̀kan, láàárọ̀, lálẹ́, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.