Kí Dáìsì Sọ Ẹni Tó Kàn

Ẹ má bi mí ní orúkọ àbúrò mi. Alágídí ni gbogbo wa ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ilé alágbàfọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìdí áyọ́ọ̀nù ló sì máa ń dúró sí láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kó wọ́n omi sí aṣọ kan, tí òun sì ti fọwọ́ kàn án tó mọ̀ pé aṣọ náà kò fẹ́ omi, ọ̀gá á pariwo títí ohùn á fi há ni. Kò ní wọ́n ọn.

Òun ni àbíkẹ́yìn wa. Nínú ilé wa, kí omi gbígbóná tó kan àbíkẹ́yìn, ó ti di tútù. Kí ọ̀rọ̀ tó kàn án, wọ́n ti parí ìpàdé, wọ́n ti ń wá bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà tí òun alára wọ̀ lọ sílé ìwé, ẹsẹ̀ mẹ́ta ti kọ́kọ́ gbó o fún un, tèmi sì wà nínú ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, a máa ń ṣe eré kan nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Onígbàjámọ̀ ló máa ń sọ ìtàn: igbó rèé, ọ̀tá rèé. Oníkálukú wa ní ẹni tó jẹ́ nínú ìtàn náà, a ó sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Àbúrò màmá wa ló mú eré náà wá. Bàbá Dírẹ́bà là ń pè wọ́n, torí ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wà. Wọn ò wakọ̀ mọ́ báyìí, àga onígbàjámọ̀ tó ń yí po ni wọ́n máa ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fìdí kan án.

Bàbá ni Oṣó Ìwé: inú ìwé ló ti kọ́ idán rẹ̀, iná ló sì fẹ́ràn jù. Kápẹ́ńtà, ọ̀rẹ́ onígbàjámọ̀, ni Jagunjagun. Èmi ni Oníwòsàn. Mo ń rán aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń rán egbò lọ́jọ́ Àìkú. Alágídí ni Àbínibí, ẹni tí wọ́n bí idán mọ́. Ìjì ló wà nínú ara rẹ̀, kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bi í nígbà kan pé kí ló rí tó fi mú ìyẹn. Ó ní, “Àǹtí, òun nìkan ni ohun tí mo ní tí ẹnì kan ò tíì lò kó tó kàn mí.”

Àmọ́ Àbínibí yìí kò wúlò fún wa rárá. Kó tó la ẹnu, iná Bàbá ti jó àwọn ọ̀tá, tàbí kẹ̀ kí Kápẹ́ńtà ti kó sí àárín wọn pẹ̀lú idà, ìjì kì í sì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Onígbàjámọ̀ fẹ́ kí idán méjèèjì dọ́gba. Ó gé agbára iná, ó fi kún agbára ìjì, ó tún gé iná, bí ẹni tó ń gé irun tí ẹ̀gbẹ́ kan ò bá èkejì mu títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dán. Pàbó ló já sí. Bàbá wá ń ráhùn pé iná àwọn ti di ti ìṣáná, Alágídí sì ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìrí nǹkan kan ṣe.

Ni wọ́n bá fẹnu kò pé Àbínibí kò yẹ nínú eré náà. Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú kan sí i, wọn ó yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí Alágídí mú òmíràn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kì í ṣe ìjà, òfin ni. Alágídí ní, “Mi ò mú òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ ni mo lọ.” Mo mọ̀ pé kì í sọ ọ̀rọ̀ kó kó o jẹ. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, inú sì bí mi gidigidi.

Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ìgbẹ̀yìn yẹn, orúnkún ń dun Bàbá, wọn ò tètè dé. Oníbàárà kan pe Kápẹ́ńtà lórí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí kò pa dé, ó sì jáde lọ máa jà lórí fóònù. Onígbàjámọ̀ ní ká máa bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn náà, àwọn ìkookò ya jáde látinú ihò àpáta. Onígbàjámọ̀ yíjú sí àga Bàbá bó ṣe máa ń ṣe, kò rí ẹnì kankan. Ó wo ẹnu ọ̀nà, Kápẹ́ńtà ṣì ń búra fún oníbàárà. Ó wo èmi, mo ń mu omi lọ́wọ́. Ló bá wo Alágídí.

“Ó dáa, kí lo fẹ́ ṣe?”

“Mo tú ìjì sílẹ̀.”

Ó ju dáìsì, ó sì bọ́ sí i. Kò ku ìkookò kan lórí ìdúró. Nígbà tí Kápẹ́ńtà wọlé padà tó ní ìjà dà, a ní ó ti parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oríire lásán ni. Àga Bàbá ni Alágídí tẹjú mọ́, bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ àbàwọ́n lára aṣọ nígbà tó bá fẹ́ mọ ohun tó dà sí i.

Bàbá dé, a kí wọn, wọ́n jókòó. Ìtàn gbé wa dé orí afárá kan, àwọn olè sì dí i mọ́ wa. Onígbàjámọ̀ yíjú sí Bàbá.

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Ẹ dúró ná,” ni Alágídí wí.

Ó yíjú sí onígbàjámọ̀.

“Bọ̀dá, kí ni òfin ní ká fi mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe?”

Onígbàjámọ̀ wúkọ́. “Dáìsì ni.”

“Ìgbà wo la jù ú gbẹ̀yìn?”

“A ò jù ú rí.” Ó ń wolẹ̀. “Ta ló fẹ́ bá Bàbá ju dáìsì nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé kí wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́ ni?”

Ó wá yé mi. Bàbá, Kápẹ́ńtà, èmi, Alágídí: bí wọ́n ṣe bí wa là ń jagun. Ọdún mẹ́ta la fi ń gé iná tá a ń fi kún ìjì, ọjọ́ orí ló ń jà.

Ojú Bàbá ti yí padà. “Èmi lo wá ń sọ fún pé kí n dákẹ́?”

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. “Àǹtí, ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀,” ló wí sókè ketekete. “Rárá o, Bàbá. Dáìsì ni mo ní kó sọ ẹni tó kàn. Tó bá ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin náà ni. Ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ mí kúrò níbi tí wọn ò tíì jẹ́ kí n dé.”

Bàbá yí àga wọn síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju dáìsì bí ẹni ju òkúta. Mẹ́fà ni. Kápẹ́ńtà ju mẹ́tàdínlógún, èmi méjìlá. Alágídí fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú. Mẹ́ta.

Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. “Gbogbo ariwo yìí, ẹ̀yìn náà lo tún wà!”

Àánú ṣe Bàbá. “Wá, máa kọ́kọ́ ṣe. Mo fún ọ.”

“Ẹ ṣé, sà, mi ò gbà á. Ẹ̀yìn tí mo wà yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi jù ú.”

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, Kápẹ́ńtà kó sí àárín àwọn olè náà, mo wo egbò rẹ̀, ó wá kan Bàbá. Wọ́n ní àwọn ju iná. Onígbàjámọ̀ ní, “Kápẹ́ńtà wà láàárín wọn. Yóò jó mọ́ wọn.” Bàbá wo dáìsì tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wo Alágídí.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí fún ọ nìyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.”

Bàbá gbé dáìsì kalẹ̀. “Onígbàjámọ̀, dá agbára iná mi padà sí bó ṣe wà. Dá tirẹ̀ náà padà. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan. Ta ló kàn?”

“Èmi ni,” ni Alágídí wí, ó sì dìde dúró. “Mo fẹ́ tú ìjì sílẹ̀. Bọ̀dá Kápẹ́ńtà, ẹ dọ̀bálẹ̀.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá nà gbalaja sórí afárá, ìjì á gba orí yín kọjá.”

“Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ àná?”

Onígbàjámọ̀ ní ó bọ́gbọ́n mu, òun fara mọ́ ọn. Ẹ̀rín ti mú Bàbá débi pé àga ń yí po lábẹ́ wọn. “Dọ̀bálẹ̀, jàre, ìjì ń bọ̀!”

Kápẹ́ńtà wo èmi, ó wo Bàbá, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí. “Ó dáa,” ó ní. “Jagunjagun ti dọ̀bálẹ̀.”

“Ẹ ní kó má tíì dìde o,” ni àbúrò mi wí, ó sì mú dáìsì. “Mi ò tíì ṣe tán.”