Ojú Tí Ìyá Àgbà Fi Rí Mi

"Ẹ má mira o, Màmá. Ẹ má tilẹ̀ mí."

Oníṣègùn ojú tó ń lọ láti ìlú dé ìlú ló sọ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ẹní ni ìyá ìyá mi jókòó sí lágbàlá wa ní Komu, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin sì di orí rẹ̀ mú gírígírí láti ẹ̀yìn. Ọyẹ́ ń fẹ́, síbẹ̀ òógùn ń bọ́ lára ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ti pa rédíò.

Kí wọ́n tó bí mi ni ojú Ìyá Àgbà ti funfun bí omi ògì. Ó ń rànwú, ó ń ṣa ẹ̀wà, ọwọ́ rẹ̀ tó ń ta òórùn òrí ló sì fi ń wo ojú mi láràárọ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Mi ò tíì rí ojú ọmọ yìí rí," ló dá wọn lóhùn. "Ṣé kí n kú báyìí ni?"

Abẹ́rẹ́ wọ inú ẹyinjú, ó ti ohun funfun náà wálẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà kò ké, ó kàn ń pe Ọlọ́hun lábẹ́ èémí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà yọ abẹ́rẹ́, ó na ìka sókè.

"Mélòó nìyí, Màmá?"

"Gbé ìka ẹ sílẹ̀ jàre. Àbẹ̀ní dà?"

Wọ́n tì mí síwájú. Omi ń dà lójú náà, ó pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n ó rí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Imú bàbá rẹ lo gbé kiri báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi!"

Kò pẹ́ tí ojú náà fi wú, ó sì fọ́ pátápátá. Inú ṣì ń bí mi sí ọkùnrin yẹn dòní. Inú Ìyá Àgbà kò bí i. "Mo ṣáà rí i," ló ń wí fún ẹni tó bá wá kí i.

Báyọ́lójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé báyìí. Tí mo bá dé orí dígí kékeré inú ẹyinjú, èyí tó funfun lójú Ìyá Àgbà, ohùn mi máa ń yí padà. Láti inú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á run ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn dànù, èyí tó ń darí wọn, èyí tó ń fún wọn lágbára, kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè tún ara wọn ṣe bí wọ́n bá funfun. Kò sì sí pààrọ̀: àwọn tó wà láàárín gbùngbùn dígí ojú mi nígbà tí wọ́n bí mi náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Dókítà ní tèmi náà ti ń funfun, pé kí n jẹ́ kí àwọn yọ wọ́n, kò ní dùn mí. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo ní kó fún mi láyè díẹ̀ sí i, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni mo fi wo Ìyá Àgbà lọ́jọ́ tó rí mi.