Àwọn Ọmọ Tí Ń Ka Káàdì Láìwò Ó

Bí ènìyàn bá gbé ẹyin lọ fún Ellen Ọládipọ̀, inú omi ni yóò kọ́kọ́ fi í sí. Ì báà jẹ́ adìẹ tirẹ̀ ló yé e lẹ́yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, yóò bu omi sínú abọ́, yóò wò ó bóyá yóò rì tàbí yóò léfòó, kí ó tó gbà pé ẹyin gidi ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí láti ìgbà èwe rẹ̀ ní Irolu, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe di olùkọ́. Ó kọ́ni ní Irolu, ó kọ́ni ní Òde Rẹ́mọ, nígbà tí ìjọba sì ní kí ó lọ sinmi, kò lè jókòó sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ní Ìkẹ́nnẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìlísàn, ló gbà á síṣẹ́. Irun orí rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ Àǹtí Ellen ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí Àǹtí ni gbogbo olùkọ́ ń jẹ́ níbẹ̀, òun náà kò sì bá wọn jiyàn.

Ní sáà kẹta ọdún 1998, nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ọkùnrin kan ti Èkó dé. Táíwò Afọláyan ni orúkọ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kọjá omi ojú ọ̀nà bí ẹni tí ilẹ̀ náà kò yẹ fún. Ó gbé àpótí kan tí káàdì àti kásẹ́ẹ̀tì kún inú rẹ̀ wá fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ìyáàfin Olúkẹ́mi. Ó ní ètò ìkàwé Gẹ̀ẹ́sì tuntun ni. Nínú ètò yìí, wọn kì í kọ́ ọmọ ní orúkọ lẹ́tà bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń mú jáde lẹ́nu ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ọmọ bá ti mọ ìró wọn, yóò so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lára káàdì yóò sì jáde. Ó ní kí sáà náà tó parí, ọmọ tí kò tíì ká eyín àkọ́kọ́ yóò ti máa kàwé.

Ellen wo bàtà rẹ̀, ó wo àpótí rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sí i, ó sì pè é ní Mọ́mì. Ellen kò rántí ọjọ́ tí òun bí i.

Ìyáàfin Olúkẹ́mi kò fẹ́ kí ètò náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, àmọ́ kò fẹ́ kó sínú ìjàǹbá pẹ̀lú. Ó ní kí Ellen lò ó fún gbogbo sáà náà nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó wá sọ fún òun ní ìparí bóyá ó dára tàbí kò dára. Àwọn òbí tó bá fẹ́ lè mú ìdì káàdì kan lọ sílé. Ó tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ọmọ tó bá mọ káàdì náà kà ni yóò wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò tún ọdún mìíràn ṣe ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ ẹni tí yóò dúró sẹ́yìn. Raqeebah ni, ọmọ Yúnúsà oníṣòwò obì. Bí àwọn yòókù bá ti parí káàdì kan, ètè Raqeebah ṣì wà ní pípadé lórí ìró àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ yóò sì wà lórí káàdì náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, Sàdíátù ìyá rẹ̀ yà bá Ellen lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tó ń ti ọjà obì Ṣàgámù bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí i, kò sì tètè dìde.

"Mà, wọ́n ní ọmọ mi kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró nílé-ìwé tó lọ. Àwọn ọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní òun ò lọ mọ́. Obì ló ń ṣà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, mi ò fẹ́ kí èyí náà máa ṣa obì."

Ellen ní kí ó dìde, pé òun yóò wò ó. Kò ṣèlérí. Òun kì í ṣèlérí lórí ohun tí òun kò tíì rí ìdí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń fọn, wọ́n ń hu, wọ́n ń pa ètè dé, wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, lójijì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Asher ló ṣíwájú wọn, ọmọ Modúpẹ́olúwa, ọmọ-ọmọ Ellen fúnra rẹ̀. Yóò dìde, yóò kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yóò sì máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ láìdúró. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn lọ́sàn-án a máa dúró lójú fèrèsé, wọn a sì pàtẹ́wọ́.

Ó yẹ kí inú ìyá àgbà dùn. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara fu ú ju bó ṣe dùn lọ. Bátìrì rédíò kíláàsì ti kú, kásẹ́ẹ̀tì kò sì sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ellen fi ìsàlẹ̀ ìdì káàdì náà sílẹ̀ láìkọ́ wọn. Nígbà tó wá dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Asher tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan kí Ellen tó yí káàdì náà síta.

Ó fa Ìfẹ́olúwapọ̀, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bi í pé ta ló kọ́ wọn. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́.

"Wọ́n ní kí a má sọ fún Àǹtí."

Ellen ní kí ó máa lọ ṣeré. Ó ti rí olùkọ́ tó fi ìdáhùn ìdánwò há ọmọ lọ́wọ́ rí, ó sì mọ bí oníṣòwò ti í ṣe bí ó bá fẹ́ kí ọjà òun tà. Ta ni ì bá kó ọmọ ọlọ́mọ jọ ní bòókẹ́lẹ́, bí kò ṣe ẹni tó ní àpótí láti tà? Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Afọláyan mọ́ nígbàkigbà tó bá wá wo bí ètò rẹ̀ ṣe ń lọ. Bí ó bá sọ pé òun ń lọ sí Ṣàgámù, Ellen a dúró wo ọ̀kadà tó gbé e títí yóò fi yí kọ́nà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti bá ọmọ kan ṣeré, Ellen yóò rí iṣẹ́ kan ṣe nítòsí ibẹ̀. Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Ìyáàfin Olúkẹ́mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ó ní bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó kọ́ wọn kò jẹ́ nǹkan. Afọláyan ní tirẹ̀ kò bínú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sáà ti kórìíra mi ni," ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ellen bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo: kí wọ́n jẹ́ kí òun dán àwọn ọmọ náà wò kí òun tó sọ̀rọ̀, lójú ọ̀gá àti lójú Afọláyan.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ ìdánwò náà. Wọ́n pe Asher síwájú. Ellen tú rọ́bà tó so ìdì káàdì, ó sì da gbogbo káàdì náà pọ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Afọláyan ní, "Mọ́mì, ó ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn o." Ellen kó wọn jọ, ó sì gbé èyí tó wà lókè sójú ọmọ náà.

"Pin" ló wà lára káàdì náà. Asher kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè sí àjà, ó ní "sat". Ellen yí òmíràn. Asher ní "mat", kò sì sí "mat" níbẹ̀. Ó ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ń dún geere, ìyá àgbà rẹ̀ ń yí káàdì, kò sì sí èyíkéyìí tó bá ohun tó ń sọ mu. Nígbà tó dé òpin, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú díẹ̀, ó sì tẹríba.

Ellen mọ ìtẹríba yẹn.

"Mọ́mì, kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ báyẹn," Afọláyan wí, òógùn ti bo imú rẹ̀. "Kò sí ìtẹríba kankan nínú ètò mi."

"Mo mọ̀," Ellen wí.

Ephraim ọkọ rẹ̀ ló kọ́ wọn. Alàgbà ni Ephraim nínú ìjọ, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní àkọ́sórí tí wọ́n máa ń kà síwájú ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹtàlá, ìyẹn Sátidé tó kẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ kíláàsì náà a máa bá a pàdé lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ sẹ́yìn, ojú sókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, kí wọ́n sì tẹríba: kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àwọn yòókù ka káàdì tí kò sí níwájú wọn, wọ́n sì tẹríba. Ó wá ku Raqeebah, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí láti pè. Ellen pè é. Ọmọ náà wá, ó tẹ ojú mọ́ káàdì, ètè rẹ̀ pàdé. Ó pẹ́. Ó fọn ìró àkọ́kọ́, ó wá èkejì rí, ó lẹ ẹ̀kẹta mọ́ wọn. Ohun tó sọ ni ohun tó wà lára káàdì náà. Ó ṣe èyí tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e.

Afọláyan ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ellen ní kí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó lọ sí pátákó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìdì káàdì kankan: "mud".

Raqeebah wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sóhùn. Ìyáàfin Olúkẹ́mi ti fẹ́ yíjú padà.

"Mud," ọmọ náà wí. Ó wá yíjú sí olùkọ́ rẹ̀. "Àǹtí, kí ló ń jẹ́ mud?"

"Ẹrẹ̀ ni."

Raqeebah ronú díẹ̀, ó sì nawọ́ sí bàtà Afọláyan tí kò dán mọ́. "Bíi ti Bọ̀dá yìí."

Nígbà tí Ellen délé, Ephraim ti ń retí rẹ̀ lórí àga níwájú ilé, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Modúpẹ́, ṣé wọ́n kà á? Mo ní kí wọ́n má sọ fún ọ, kó lè bá ọ lójijì."

"Ó bá mi lójijì," Ellen wí. Ó jókòó tì í. "Bàbá Modúpẹ́, Asher ò mọ̀wé kà."

Ephraim ní báwo, ọmọ tó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ellen kò bá a jà. Ó ní kí ó lọ mú ìdì káàdì tó gbà lọ́wọ́ Modúpẹ́olúwa wá, ó tú rọ́bà rẹ̀, ó dà á pọ̀, ó sì tò ó síwájú rẹ̀ lórí àga. Ọkọ rẹ̀ rí i pé wọn kò tẹ̀ lé ara wọn mọ́. Ó wá ní òun yóò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, pé àmọ́ ìtẹríba yóò wà.

Ohun tí Ellen sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní òun ti fi ẹ̀sùn kan Afọláyan lórí ohun tí kò ṣe, òun sì ti bẹ̀ ẹ́. Ní ti ètò rẹ̀, òun kò lè sọ pé ó dára. Ọmọ kan ṣoṣo ló kàwé, ọmọ náà sì ń lọ sí ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń so lẹ́tà mọ́ lẹ́tà. Ta ló mọ ibi tó ti rí ọgbọ́n náà? Kí wọ́n fún ètò náà ní sáà kan sí i, kí wọ́n má sì jẹ́ kí rọ́bà so káàdì náà mọ́. Ṣùgbọ́n ti Raqeebah kò ní àríyànjiyàn nínú: yóò lọ.

Ìyáàfin Olúkẹ́mi ro ohun tí àwọn òbí Asher àti ti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ bí ọmọ tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín bá nìkan lọ. Ó ní kí gbogbo wọn lọ.

Ní ọjọ́ tí ilé-ìwé parí, Sàdíátù gbé ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ wá sílé Ellen nínú igbá tí ó fi ewé bò. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó ṣàdúrà ní èdè Lárúbáwá àti ní Yorùbá. Ellen dúpẹ́, ó fà á dìde, ó sì sìn ín dé ojú títì. Ó dúró títí obìnrin náà fi wọ ọkọ̀ Ṣàgámù. Lẹ́yìn náà, ó padà sí ilé ìdáná lọ bu omi sínú abọ́.