Ọwọ́ Sanobar, Aṣòfin Oko Òwú

Kì í ṣe ìwé ló gbé Sanobar dé ilé aṣòfin, kì í sì í ṣe ẹnu dídùn. Òwú ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí ìjọba Soviet ṣì le koko, àṣẹ wá láti òkè pé kí àgbègbè Vakhsh mú obìnrin kan wá fún ilé aṣòfin Tajikistan: kó jẹ́ ẹni tó ń já òwú, kó má tíì pé ogójì ọdún, kó sì ti bímọ. Alága oko àjọni wá bá a láàárín ebè.

"Sanobar, wọ́n ti sọ ẹ́ di aṣòfin."

"Ìdìbò ńkọ́?"

"Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Lọ wá aṣọ gidi."

"Kí ni mo máa ṣe níbẹ̀, Alága?"

"Wàá jókòó. Tí gbogbo wọn bá nawọ́, kíwọ náà nawọ́. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Kò le lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wọ ọkọ̀ lọ sí Dushanbe nínú aṣọ sílíìkì aláràbarà, tí á máa tiraka kó má sùn lórí àga rírọ̀. Ẹni tó wà lórí pèpéle á bèèrè pé, "Ta ló fara mọ́ ọn?" Ọwọ́ á dìde lọ súà. "Ta ló lòdì? Kò sí." Èémí kan náà ló fi ń sọ méjèèjì, kì í tiẹ̀ gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí oko òwú fẹ̀ sí i, pé kí àwọn ará orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wá ro ó. Sanobar nawọ́ sí gbogbo rẹ̀. Èrè tó rí níbẹ̀ kò ju bàtà òkèèrè tí wọ́n ń tà fún àwọn aṣòfin. Nílé, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ọwọ́-Lókè, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá láti orí òkè ni Abdusattor, ará Gharm. Ògiri amọ̀ kan ló pààlà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Sanobar. Oyjamol ìyàwó rẹ̀ á na búrẹ́dì gbígbóná kọjá ògiri, Sanobar á kó èso àjàrà sínú àwo kó tó dá a padà, nítorí ọmọlúàbí kì í dá àwo padà lófìfo.

Nígbà tó di ọdún 1992, Soviet ti fọ́ túútúú. Ní Dushanbe, àwọn èèyàn pín sí méjì, wọ́n sì pín ìbọn. Ìjà tó ti ẹnu àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ ṣàn dé àárín òwú, ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ, yà fún mi. Ọ̀pọ̀ ará Gharm wà lápá àwọn alátakò ìjọba, nítorí náà ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti wá láti Gharm ti di ọ̀tá. Wọ́n sun ilé, wọ́n ju òkú sínú omi tí wọ́n ń bu sóko, eérú sì ń bọ́ sórí òwú funfun.

Davron ló kó àwọn ọmọ ogun wọ abúlé. Katakata ló ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ wólẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ọmú Sanobar ló mu dàgbà. Ó ní kí gbogbo abúlé pé jọ sí gbọ̀ngàn oko àjọni. Wọ́n di Abdusattor lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ wọlé, eyín rẹ̀ ti dà nù lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kan ti dí. Oyjamol ń rá tẹ̀lé e lórí eékún, ni ẹnì kan bá fi bàtà tẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àwa kì í ṣe olè," Davron wí. "Òfin la máa tẹ̀ lé. Ṣebí a ní aṣòfin? Ìyá Ọwọ́-Lókè, ẹ bọ́ síwájú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn pé ká pa ará Gharm yìí, ẹ nawọ́."

Alága àtijọ́ ló kọ́kọ́ na tiẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń wo ẹnu ìbọn. Ọwọ́ Sanobar náà ti ń lọ. Ó ti kọjá èjìká kó tó rí i. Òun kọ́ ló rán an, bárakú gbogbo ọdún Dushanbe ni. Ojú tì í dọ́kàn. Ó fi ọwọ́ òsì gbá a mú, ó fà á wálẹ̀ sórí itan.

"Ta ló lòdì?" Davron ti ń yí ìbọn sí ẹni tó wà nílẹ̀. "Kò sí."

"Ó wà," Sanobar wí. "Èmi ni."

Davron yíjú padà sí i.

"Ẹ nawọ́, Ìyá. Ẹ má dójú tì mí."

"Mi ò nà á. Aládùúgbò mi ni. Ṣé ẹnu tó mu ọmú mi lo fi ń bèèrè irú èyí?"

"Ọpẹ́lọpẹ́ ọmú ọ̀hún ni mi ò fi pa yín." Ó yí ìbọn padà, ó fi ìdí rẹ̀ fọ́ ìgúnpá ọ̀tún Sanobar, ó tún un fọ́. Egungun yọ síta. "Ẹ nà á báyìí."

Sanobar ṣubú láìnawọ́. Davron yìnbọn fún Abdusattor lẹ́nu níwájú ìyàwó rẹ̀.

Apá náà jinná ní wíwọ́, kò sì kọjá àyà mọ́. Sanobar kò lè di irun ara rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, Oyjamol máa ń gba ibi tí ògiri ti wó wá, á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, á máa dì í fún un. Lọ́jọ́ kan, Sanobar tiraka láti gbé apá náà sókè kó lè bá a di òòyà mú. Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

"Ọwọ́ tí mi ò nà kò gba ọkọ rẹ là, Oyjamol. Kí ni ìwúlò rẹ̀?"

Oyjamol mú ọwọ́ náà, ó gbé e padà sórí itan.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọwọ́ tó lọ sókè lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń bọ àwọn tó ni wọ́n lọ́wọ́ lọ́jà. Tiyín nìkan ló wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."