Bí Wọ́n Ṣe Pín Abúlé Khampun

Khampun kò ga, ohùn rẹ̀ ló ga. Kí àkùkọ tó kọ tán láàárọ̀, baálẹ̀ wa yìí á ti tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí òpó rẹ̀: "Ẹ dìde o! Ẹni tí ẹfọ̀n rẹ̀ jẹ ìrẹsì Ìyá Sida, kó tètè lọ bẹ̀ ẹ́ kí n tó dárúkọ rẹ̀!" Ìhà odò méjèèjì ń gbọ́ ọ. Ìlà-oòrùn odò ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó gbéyàwó, ó sọdá sí ìwọ̀-oòrùn, ó lọ ń gbé nílé àna rẹ̀, bí àwọn ọkùnrin wa ti ń ṣe. Bualai, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló jókòó ti ilé ìyá wọn.

Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ jìn. Ẹṣin ló ń gùn wá, bójò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó di ìkórè ká tó tún rí i. Nígbà tó yá, igbó ń di oko, ọmọ ń bímọ, ìjọba bá gé agbègbè wa kúrò lára ti àtijọ́, wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sétí títì. Ajẹ́lẹ̀ tuntun ló wá sọ pé abúlé wa ti tóbi jù fún baálẹ̀ kan. Ó fi odò ṣe ààlà, ó ní kí ìlà-oòrùn yan baálẹ̀ tiwọn.

Khampun kéde rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò tíì sọ fún Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà ni ẹ̀mí ẹni tó tẹ abúlé dó. Ilé pákó rẹ̀ kékeré wà nínú igbó ìlà-oòrùn. A kì í gbẹ́ kànga, a kì í ṣègbéyàwó, láìwí fún un. Abúlé kan, Bàbá Àgbà kan ni. Bí wọ́n bá pín wa, àwa ìwọ̀-oòrùn ti di ọmọ òrukàn nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìbò, ajẹ́lẹ̀ jókòó ti àpótí ìbò rẹ̀ títí yìnyín inú ife rẹ̀ fi yọ́. Kò sẹ́ni tó wá.

"Bàbá, ṣé ẹ ò kéde ni?"

"Mo kéde, ọ̀gá. Ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ni mi ò sọ fún."

Bualai bú sẹ́rìn-ín lórí afárá. "Ọmọ yìí! Gbogbo ayé lò ń pariwo fún, o gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra bú mi, àlejò wà níbí."

"Bó o bá fẹ́ kí n rọra, sáré lọ mú adìẹ!"

Khampun se adìẹ, ó gbé e pẹ̀lú ọtí ìrẹsì lọ sí ilé Bàbá Àgbà, a sì tẹ̀ lé e. Bàbá Oonsi tó ń tọ́jú ilé náà gé igi kan tó gùn dọ́gba pẹ̀lú apá rẹ̀ méjèèjì tó nà. "Bàbá Àgbà, bí ẹ bá ń fẹ́ ilé kejì ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ jẹ́ kí apá mi kọjá igi yìí." Bàbá Oonsi na apá. Kò kọjá. Ó tún béèrè:

"Ṣé ẹ ṣì gba ọmọ ìhà méjèèjì?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ìka rẹ̀ yọ kọjá orí igi.

Ajẹ́lẹ̀ tó ti bọ́ bàtà, tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn wa, bi Bàbá Oonsi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, abúlé wo ni kí n wá kọ ilé yìí sí nínú ìwé?"

"Má kọ ọ́ síbì kankan."

Ìgbà náà ni àwọn ìlà-oòrùn tó lọ dìbò. Bualai ló wọlé. Kò pẹ́, wọ́n ri òpó tiẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Láàárọ̀, kí Khampun tó la ẹnu, ohùn kan ta láti òdìkejì odò:

"Baálẹ̀ Khampun! Ṣé o ti jí? A ó jọ lọ bọ Bàbá Àgbà lọ́dún tó ń bọ̀ o. Má gbé adìẹ eegun wá!"

Khampun pa ẹ̀rọ tirẹ̀, ó jókòó sábẹ́ òpó, ó ń gbọ́ ọ.