Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Fẹ́ Ìyàwó

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì wa nígbà èwe mi, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gun àtẹ̀gùn. Ó dáa, ẹ yọ méjì kúrò nínú wọn. Ohun tí mo sọ fún bàbá ìyàwó mi ní Igbein nígbà náà ni pé èmi ni mò ń darí rẹ̀, pé bí mo bá kí i láàárọ̀, á dá mi lóhùn. Oníṣòwò aṣọ ni bàbá náà, ó sì fẹ́ràn ẹni tó mọ iṣẹ́ ìgbàlódé. Ó fún mi ní ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé mẹ́sẹ́ńjà ni mí. Eruku ara kọ̀ǹpútà ni mò ń nù.

Irọ́ yìí bá mi gbé títí irun mi fi funfun. Àfi ọjọ́ Àìkú kan tí àbígbẹ̀yìn wa obìnrin, tó ń kọ́ni nípa ẹ̀rọ ní Alábàtà, mú nǹkan pẹlẹbẹ kan wálé, kò ju bisikíìtì lọ.

"Bàámi, kọ̀ǹpútà yín àtijọ́ rèé."

"Èyí tí mo lè gbé mì?"

"Ó ń sín ti àtijọ́ jẹ ni. Gbogbo ìṣe rẹ̀ ni mo kó sínú ṣíìpù kékeré tó jẹ́ ọpọlọ èyí, owó rẹ̀ ò sì tó ti adìyẹ kan."

Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti kíbọ́ọ̀dù. Ojú tẹlifíṣọ̀n di búlúù, READY yọ síbẹ̀. Òun gan-an ni! Ìyá rẹ̀ ti fa àga, ó jókòó tì mí.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ó yá, ẹ kí i ká gbọ́."

Bí mo bá kọ̀, àṣírí tú. Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ E KU ISE. Ọmọ mi ní kí n tẹ bọ́tìnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún. Kíá, ẹ̀rọ dáhùn: SYNTAX ERROR.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ọ̀rọ̀ kejì nìkan ni ẹnu mi ká.

"Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹ̀rọ̀! Àdúrà ló ń ṣe fún wa, ẹ̀rọ̀ pẹ̀sẹ̀! Ẹ ṣe àmín!"

Ọmọ mi dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ló ń wò. N ò mọ ìgbà tí mo fa áńkáṣíìfù yọ, tí mo ń nu ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù, tí mo ń nu ihò tí wáyà gbà wọlé.

"Baálé mi, ṣé ẹ rò pé n ò mọ̀ ni? Kí n tó fẹ́ yín ni mo ti mọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ròyìn kọ̀ǹpútà fún bàbá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ máa ń ròyìn. Ta ló ń darí nǹkan tí kò mọ ojú rẹ̀?"

"O sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Mo ní ọkùnrin tó lè nu nǹkan onínǹkan tó báyẹn, á tọ́jú tiẹ̀. Àbí irọ́ nìyẹn náà?"

Alihamudulilai! Èémí tí mo mí jáde, bí kì í bá ṣe pé fèrèsé wà ní ṣíṣí, ìbá ká òrùlé lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́ fún wọn, bí mo ṣe ń nù ún, bí ọ̀gá ṣe ń yìn mí, àti eruku tí mo kó lára rẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo, àpò mẹ́ta gbáko.

"Àpò mélòó?" ni ìyàwó mi wí.

"Àpò sìmẹ́ńtì ni mò ń sọ o."