Ẹrẹ̀ Etí Gọ́tà

Nígbà tí ímeèlì ṣì jẹ́ nǹkan ìyanu ni mò ń sọ. Gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídé, olùkọ́ jọ́gíráfì wa, tí a ń pè ní Àǹtí, máa ń kó àwa mélòó kan láti ilé ìwé wa ní Sùúrùlérè lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Yábàá, níbi tí kọ̀ǹpútà kan wà tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Íńdíà àti ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń ba àdúgbò oníkálukú jẹ́.

Ìyangàn la fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. A kọ ọ́ pé ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, ẹnikẹ́ni kì í jáde títí di aago mẹ́wàá àárọ̀. Onílé àti ayálégbé, gọ́tà la máa ń kó. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfin náà.

Èsì ọmọbìnrin kan láti Íńdíà kò ju ìlà kan lọ: "Ẹrẹ̀ tí ẹ bá kó jáde ńkọ́, ibo lẹ ń kó o sí?"

A bú sẹ́rìn-ín. Ibo la tún fẹ́ kó o sí? Etí gọ́tà náà ni. Àǹtí kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Aránṣọ ni ìyá mi, etí gọ́tà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Múṣin. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, a ó sáré gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí búlọ́ọ̀kù, torí omi á wọlé. Iṣẹ́ dúró nìyẹn títí omi á fi fà, àwọn oníbàárà á sì máa fapá jánú. N ò kà á sí ìṣòro àyíká rí. Òjò lásán la pè é, láìmọ̀ pé ẹrẹ̀ etí gọ́tà ni òjò ń gbá padà sínú gọ́tà tó fi ń dí.

Nígbà tí mo ròyìn ìbéèrè ọmọ Íńdíà náà fún ìyá mi, ó wò mí sùn-ùn. "Ṣé ẹrẹ̀ wa lẹ wá ń fi kọ̀ǹpútà sọ kiri ayé?" Àmọ́ nígbà tí Sátidé gọ́tà tún dé, ó kó àpò ìrẹsì jáde. À ń bu ẹrẹ̀ sí i, à ń wọ́ ọ lọ síbi tí mọ́tò ìdọ̀tí ti máa ń kó ẹrù.

Bàbá onílé kejì ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ fẹ́ tà á ni?"

Ìyá mi ní, "Bàbá, ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi, ilẹ̀ gbígbẹ ni mo fẹ́ tẹ̀ ní tèmi." Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó wọlé, ó sì gbé ṣọ́bìrì tirẹ̀ wá.

Òjò ńlá kan rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. A ti gbé ẹ̀rọ lé búlọ́ọ̀kù, a dúró. Omi ń bá tirẹ̀ lọ nínú gọ́tà, kò yà sọ́dọ̀ wa. Ìyá mi wo ilẹ̀, ó wò mí, ló bá ní ká gbé ẹ̀rọ sọ̀kalẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ nínú òjò. Ayọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ Íńdíà náà. Ó fèsì pé inú òun dùn fún wa. Ó ní, "Omi tiwa ṣì ń wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń kó ìwé mi sí." Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tó fi bi wá ní ìbéèrè yẹn.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Kọ ọ́ sí i," ó ní, "kí ìyá rẹ̀ tètè wá àpò. Kó má dúró de ẹnikẹ́ni o."